Ẹ Jẹ́ Kí Á Máa Ka Èrò Lẹ́nu Ọ̀nà, Kí Pápá Eré Àwọn Ọmọ Lè Ṣí

Ìjẹ̀bú-Òde,
30 Oṣù Kẹjọ, 2020.

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o, ẹ sì kú ìfaradà àsìkò yìí. Ọwọ́ oníwèé-ìròyìn tó wà ní Ìbàdàn Gáréèjì ni mo ti ń ra ìwé yín, ojú ewé lẹ́tà sì ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí. Láti ìgbà tí àrùn kòrónà ti dé, mo ti ka lẹ́tà àwọn onímọ́tò níbẹ̀, mo ti ka ti àwọn tó ni gbọ̀ngàn àpèjẹ, mo ti ka ti pásítọ̀ àti ti ààfáà. Àwa tí à ń fi eré ọmọdé jẹun ni mi ò tíì rí kí ẹnikẹ́ni gbẹnu sọ fún. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Pápá kan ni mo yá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ìbàdàn níbí. Mẹ́rì-gó-ráùn kan wà níbẹ̀, jangilófà onírin wà, sílàìdì wà, ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń lo bátìrì wà, bọ́nsìn kásù méjì tí à ń fi fáànù fẹ́ náà sì wà. Lọ́jọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè, àwọn òbí a kó ọmọ wọn wá. Láàárín ọ̀sẹ̀, àwọn tíṣà nọ́sìrì a kó tiwọn dé nínú yúnífọ́ọ̀mù. Tí ọdún ìlú kan bá tó, a ó tú àwọn ẹ̀rọ palẹ̀, a ó kó wọn sínú ọkọ̀, a ó gba Ṣàgámù lọ, tàbí Ìpẹru, tàbí Àgọ́-Ìwòyè. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀sẹ̀ tí à ń rí owó bí ọ̀sẹ̀ Iléyá, nítorí Ojúde Ọba, ọdún ńlá tí àwa Ìjẹ̀bú máa ń ṣe lọ́jọ́ kẹta Iléyá.

Lọ́dún yìí, 31 oṣù Keje ni Iléyá bọ́ sí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, tó yẹ kí àwọn régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, máa jó lọ kí Awùjalẹ̀, ọba wa, kí àwọn ìdílé Balógun máa fi ẹṣin dárà, kò sí nǹkan kan. Wọ́n ti fagi lé e nítorí àrùn. Owó tí mo pàdánù níbẹ̀ dùn mí, síbẹ̀ mo fara mọ́ ìpinnu yẹn tọkàntọkàn. Kò sí ẹni tó lè ka èrò Ojúde Ọba. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó, láti Èkó, láti Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń wá, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà wọlé kò níye. Bí ẹnì kan bá gbé àrùn débẹ̀, kò sí bí a ó ṣe mọ àwọn tó fara kàn.

Pápá tèmi, tí wọ́n ní kí n tì nítorí àrùn yìí, yàtọ̀. Wáyà yí i ká, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní, èmi gan-an ni mo sì ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà náà. Nígbàkígbà tí ẹ bá bi mí, mo lè sọ iye ọmọ tó wà nínú rẹ̀, nítorí èmi ni mo já tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn. Ohun tí mo ń bẹ ìjọba fún kò ju èyí lọ: ibi tí a bá ti lè ka èèyàn lẹ́nu ọ̀nà, tí kò ní òrùlé, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ síbẹ̀, kí wọ́n ṣí i pẹ̀lú òfin tó ṣe kedere. Ibi tí a kò bá ti lè kà wọ́n, kó ṣì wà ní títì.

Mo mọ ìdí tí ẹ̀rù fi ń bà wá ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ewékorò tiwa níbí ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rí àrùn yìí lára rẹ̀ ní Nàìjíríà wá ní oṣù Kejì, a sì wà lára àwọn tí ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbélé, àwa pẹ̀lú Èkó àti Àbújá. Iye àwọn tó ti kó o ní gbogbo orílẹ̀-èdè ti lé ní 50,000 báyìí. Àrùn gidi ni, ó ń pa èèyàn, mi ò sì ní jiyàn pẹ̀lú ẹni tó bá ní kí a ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n ọjà Òkè-Àjẹ ń ná. Ọkọ̀ ń kó èrò lọ sí Èkó. Ilé ìjọsìn ti ṣí ní ìpínlẹ̀ wa láàárín oṣù yìí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àwọn ọmọ SS3 ti padà sí kíláàsì nítorí ìdánwò WAEC. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké nìkan ni mi ò gbọ́. Láti oṣù Kẹta ni ilé-ìwé wọn ti tì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì wà nínú yàrá kan pẹ̀lú òbí láti àárọ̀ di alẹ́.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé títì tí a ti pápá kò dá eré dúró. Ńṣe ló lé e wọ inú ilé. Láti oṣù Karùn-ún ni wọ́n ti ń pè mí: "Ìyá, ọmọ wa fẹ́ ṣọjọ́ ìbí, ẹ bá wa gbé kásù yẹn wá sí ẹ̀yìnkùlé, a ó ti géètì, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀." Mo ń kọ̀ fún wọn. Àwọn kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ yìí kò lè kọ̀ nítorí ebi, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Keje, mo lọ yá ọ̀kan nínú wọn ní fáànù nítorí pé tirẹ̀ jó. Ògiri ga yí ẹ̀yìnkùlé náà ká. Wọ́n ta tapólì bò ó lókè nítorí òjò. Àwọn ọmọ kún inú kásù fọ́fọ́, wọ́n ń kígbe sí ara wọn lójú. Àwọn àgbà wà ní pálọ̀, wọ́n ti fèrèsé nítorí èéfín jẹnẹrétọ̀. Kò sí omi ìfọwọ́, kò sí ẹni tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn bá ní kòrónà lára lọ́jọ́ náà, ta ni yóò mọ àwọn ilé tí àrùn náà bá wọn lọ? Ìta gbangba tí wọ́n ní kí n tì pa ìbá ti sàn fún wọn lọ́nà gbogbo.

Ọmọ mi obìnrin tó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè wà nílé, òun ló ń bá mi wá ìròyìn lórí fóònù nípa ohun tí àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ńláńlá ń ṣe lókè òkun. Mo ní kó máa kà á fún mi bó ṣe wà, kó má fi kún un. Èyí tó wà ní Shanghai, ní ilẹ̀ Ṣáínà, ló kọ́kọ́ ṣí nínú àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ilé-iṣẹ́ Disney ti Amẹ́ríkà. 25 oṣù Kìíní ni wọ́n tì í, wọ́n sì ṣí i ní 11 oṣù Karùn-ún. Èrò 80,000 ló lè gbà lójúmọ́ tẹ́lẹ̀. Ìjọba ní kó má kọjá ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 24,000, àwọn tó ni ọgbà sì ní iye tí àwọn máa fi bẹ̀rẹ̀ kò ní tó bẹ́ẹ̀ pàápàá. Ẹni tí kò bá ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ pàtó sílẹ̀ kò lè wọlé. Wọ́n ń wọn ìgbóná ara, gbogbo èèyàn ń lo ìbòmú, wọ́n fi àmì sílẹ̀ níbi tí kálukú yóò dúró sí lórí ìlà. Wọ́n dáwọ́ ìwọ́de aláràbarà tí wọ́n máa ń ṣe láàárín ọgbà dúró, wọ́n dáwọ́ iná ọ̀ṣọ́ tí wọ́n máa ń yìn sójú sánmà lálẹ́ dúró, nítorí pé nǹkan méjèèjì ló ń mú kí èrò dúró gbá jọ sójú kan. Ibi tí ó ka ìyẹn dé ni mo ní kó tún un kà. Ẹ̀rọ eré ń yí lọ, ohun tó ń kó èèyàn jọ ni wọ́n dá dúró. Bí mo ṣe ń rò ó lọ́kàn láti ọjọ́ yìí nìyẹn, láìmọ̀ pé àwọn tó ní owó àti dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti rò ó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ará Jàpáàn ní ohun mẹ́ta ni kí èèyàn sá fún: ibi tó há mọ́ tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀, ibi tí èrò ti pọ̀, àti ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ sójú ara wa nítòsí. Ọgbà Disney tó wà ní Tokyo ṣí ní 1 oṣù Keje. Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́gbà ìgbafẹ́ ilẹ̀ náà tiẹ̀ bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má pariwo tí wọ́n bá wà lórí ọkọ̀ tó ń gun òkè tó sì ń já wálẹ̀ fìrì, nítorí itọ́ tó ń fò jáde lẹ́nu. Nígbà tí àwọn kan ní ìyẹn kò ṣeé ṣe, ọ̀gá méjì ní ọgbà Fuji-Q Highland wọ kóòtù, wọ́n lo ìbòmú, wọ́n gun ọkọ̀ náà fúnra wọn, wọ́n sì ya fídíò rẹ̀. Wọn kò pariwo rárá. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ ka orí ọmọ ọdún márùn-ún ní Ìjẹ̀bú, mi ò sì fẹ́ gbé e kà á. Ọmọ tó wà lórí jangilófà yóò kígbe, ayọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n fi ìjókòó kan sílẹ̀ lófo láàárín ọmọ méjì tí kò ti ilé kan náà wá, kí gbogbo wọn sì kọjú sí ọ̀nà kan.

Ti Amẹ́ríkà ṣòro fún mi láti gbà. Ní ìpínlẹ̀ Florida, Disney ṣí ọgbà méjì ní 11 oṣù Keje, ó ṣí méjì tó kù ní 15 oṣù náà. Ní 12 oṣù Keje, ọjọ́ kejì tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí, Florida kéde ẹni 15,299 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àrùn náà, iye tí ìpínlẹ̀ kankan ní Amẹ́ríkà kò tíì kéde rí lọ́jọ́ kan ṣoṣo nígbà yẹn. Ọgbà kọ́ ló fà á, nítorí àrùn yìí kì í fara hàn lọ́jọ́ tí èèyàn kó o. Ṣùgbọ́n bí àrùn bá ń jà tó bẹ́ẹ̀ ní ìlú mi, mi ò ní ṣí pápá, bí ọṣẹ àti ìbòmú bá tilẹ̀ kún ilé mi dé òrùlé. California ló ṣe bí mo ṣe fẹ́. Wọ́n ti dá 17 oṣù Keje láti ṣí Disneyland níbẹ̀, òfin tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà yóò fún wọn kò tíì jáde, wọ́n sì sún un síwájú. Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, kò tíì ṣí. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ náà ti sọ pé ẹ̀rù ń ba àwọn.

Hong Kong ni mo fẹ́ kí àwọn aláṣẹ wa wò jù. Wọ́n ṣí ọgbà Disney tiwọn ní 18 oṣù Kẹfà. Kò tó oṣù kan, àrùn tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní ìlú náà, wọ́n sì tì í padà ní 15 oṣù Keje. Níbí, a ti sọ ọ́ di ohun tí ìjọba yóò máa tijú fún, pé tí wọ́n bá ti ṣí nǹkan, títì í padà ti di àṣìṣe. Ẹ̀rù ìtìjú yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní títì, tàbí kí wọ́n ṣí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n sì gbójú kúrò. Ẹ jẹ́ kí òfin tí yóò ṣí wa sọ ohun tí yóò tì wá láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ní báyìí, ẹ bá mi wo ọjọ́ Sátidé kan ní pápá mi bó ṣe máa ń rí kí àrùn yìí tó dé. Ọmọ tó wà lórí mẹ́rì-gó-ráùn ní ìjókòó tirẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i lára, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì máa lò níbẹ̀. Ewu tirẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n kó tó gùn ún, ó ti dúró lórí ìlà tó ń tì síwá sẹ́yìn, àwọn màmá ń na ọwọ́ ṣọ́ ààyè ọmọ wọn kí ẹlòmíràn má bàa gbà á, gbogbo wọn sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó mú ẹgbẹ̀rún náírà wá ń dúró de ṣéńjì, àwọn tó wà lẹ́yìn ń rọ́ lù ú. Lábẹ́ kánópì kan ṣoṣo tí mo ní, àwọn òbí há mọ́ra wọn nítorí òòrùn. Lọ́dọ̀ onípúfúpúfú àti oníyógọ́ọ̀tì, ẹsẹ̀ kò gba ẹsẹ̀. Ìlà, ẹnu ọ̀nà, abẹ́ kánópì, ìdí oúnjẹ: ibẹ̀ ni àrùn yóò ti rí èèyàn mú, ibẹ̀ náà sì ni iṣẹ́ wà fún ẹni tó bá fẹ́ ṣí láìléwu.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà bí mo ṣe ń dúró de àṣẹ. Ìlà ni mo kọ́kọ́ fẹ́ pa rẹ́. Kò ní sí pé èèyàn kàn yọ sí wa mọ́. Òbí yóò pè mí tàbí kó kọ ọ́ sí mi lórí WhatsApp, yóò sọ iye ọmọ tó ń mú bọ̀, èmi yóò sì fún un ní wákàtí tirẹ̀. Ọmọ 30 ni mo fẹ́ máa gbà ní wákàtí kan, níbi tí nǹkan bí 100 ti máa ń wà tẹ́lẹ̀ tí ó bá kún. A ó so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́rùn ọwọ́, pupa fún wákàtí àkọ́kọ́, búlúù fún èyí tó tẹ̀lé e. Tí mo bá fun fèrè, gbogbo pupa yóò jáde, a ó fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fọ ibi tí wọ́n fọwọ́ kàn, kí búlúù tó wọlé. Ọgbọ̀n ọmọ lórí ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dúró pẹ́ kó tó kàn án. Ìlà tí kò sí kò lè kó àrùn ran ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó bá tètè dé ṣáájú wákàtí wọn, mo ti wá nǹkan ṣe fún wọn. Mo tọrọ táyà tó ti kú lọ́wọ́ àwọn fọkanáísà, mo kùn wọ́n ní ọ̀dà funfun, mo sì tò wọ́n sí ẹ̀yìn wáyà, ìgbésẹ̀ mẹ́ta láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ìdílé kan, táyà kan. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ ohun tí ìlà tí a fà sílẹ̀ wà fún, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kó dúró sínú táyà, yóò dúró, yóò tiẹ̀ sọ ọ́ di eré. Mo lu ihò sí ìdí gbogbo wọn kí omi òjò má bàa dúró níbẹ̀ kó di ilé ẹ̀fọn, nítorí ibà kò lọ síbì kankan nígbà tí kòrónà dé.

Ti owó rọrùn: iye kan pàtó ni, ẹni tí kò bá ní i lọ́wọ́ ní pípé, kó fi ránṣẹ́ sí báńkì. Kò ní sí ṣéńjì. Kánópì yóò wálẹ̀, àgbà kan ṣoṣo ni yóò tẹ̀lé ìdílé kọ̀ọ̀kan wọlé, kó mú agbòòrùn dání, àga yóò sì jìnnà síra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà yí ká. Oúnjẹ ni a fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ́. Onípúfúpúfú tó ń tà lọ́dọ̀ mi láti ọjọ́ pípẹ́ ní ọmọ tó ń bọ́, mi ò lè lé e dànù. Ní Florida, wọ́n ní láti fi òfin kún òfin pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ tàbí mu kó dúró sójú kan, nítorí àwọn èèyàn ń gbé ife dání rìn kiri kí wọ́n má bàa lo ìbòmú. Ohun tí èmi àti onípúfúpúfú fẹnu kò sí ni pé yóò kúrò láàárín pápá, yóò jókòó sí ìta níbi tí wọ́n ti ń jáde lọ, yóò di tirẹ̀ sínú ọ̀rá, kí wọ́n mú un lọ sílé jẹ.

Ìwé kan yóò wà lọ́wọ́ mi. Ní Ṣáínà, àmì kan lórí fóònù ló ń fi hàn bóyá èèyàn lè wọlé; àwa kò ní ìyẹn, ìwé àti bírò tó wa. Orúkọ òbí, nọ́ńbà fóònù, àdúgbò, àwọ̀ ríbọ́ọ̀nù. Wọ́n ní àrùn náà lè wà lára èèyàn tó ọjọ́ 14 kó tó fara hàn, nítorí náà mo fẹ́ máa tọ́jú ojú ewé kọ̀ọ̀kan fún oṣù kan. Bí àwọn onílera bá pè mí pé ẹnì kan tó wá sọ́dọ̀ mi ti ní kòrónà, mo lè pe gbogbo ẹni tó wà ní wákàtí rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe ọjọ́ ìbí nínú ilé tí wọ́n ti géètì sọ bí àwọn ṣe máa ṣe tiwọn.

Lórí ìbòmú, àjọ ìlera àgbáyé sọ̀rọ̀ ní 21 oṣù yìí pé kí wọ́n má fipá mú ọmọ ọdún márùn-ún sí ìsàlẹ̀ láti lò ó, pé kí ọmọ ọdún 12 sókè lò ó bí àgbà. Ìyẹn dára fún mi. Ṣùgbọ́n àwọn ìbòmú àǹkárá tí àwọn télọ̀ wa ń rán, tí wọ́n fi okùn gígùn sí tí à ń so mọ́ ẹ̀yìn ọrùn, kò gbọdọ̀ dé orí sílàìdì tàbí jangilófà. Bí okùn bá há mọ́ irin, ó lè fún ọmọ lọ́rùn. Èyí tó ní rọ́bà etí nìkan ni mo máa gbà. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá máa kọ òfin fún wa kọ èyí sínú rẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá tíì dúró ti sílàìdì rí kò ní rántí.

Ìbọn tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara, mo ti rà á, màá sì lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a gbára lé e. Ẹni tó ní kòrónà lè wá láìsí ibà lára rẹ̀. Ní àsìkò òjò yìí pẹ̀lú, ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná lè jẹ́ pé ibà ẹ̀fọn ló ń ṣe é. Màá dá òun náà padà sílé, màá sì fún òbí rẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn láìgba owó, kí ẹnikẹ́ni má bàa fún ọmọ ní párásítámọ́ọ̀lù nínú mọ́tò kí ìbọn má lè mú un. Àwọn tó bá ti ṣe iṣẹ́ bí irú tèmi mọ̀ pé àwọn òbí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ tí owó wọn bá máa wọgbó.

Fífọ nǹkan kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ọṣẹ àti omi lórí irin àti ìjókòó, bílíìsì tí a là mọ́ omi lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́yìn wákàtí kọ̀ọ̀kan. Garawa tó ní táàpù wà lẹ́nu ọ̀nà àti níbi tí wọ́n ti ń jáde. Ọwọ́ ọmọ rọrùn láti fọ̀ ju gbogbo irin tó wà nínú pápá lọ, nítorí náà ọwọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣọ́.

Ó kù bọ́nsìn kásù. Òun ló ń mú owó wọlé fún mi jù, òun ni àwọn ọmọ ń sáré lọ bá tí wọ́n bá ti wọlé, mo sì ń kọ ọ́ síbí kí gbogbo ayé kà á pé kò yẹ kó ṣí. Ògiri ọ̀rá ló yí i ká, àwọn ọmọ ń ṣubú lu ara wọn nínú rẹ̀, ẹnu sẹ́nu, imú símú, kò sì sí bí mo ṣe lè dá ọ̀kan dúró sí ibì kan lọ́tọ̀. Nígbà tí ti Shanghai ṣí, wọ́n fi àwọn ibi tí ọmọ ti ń ṣeré fàlàlà sílẹ̀ ní títì, àti ilé eré orí ìtàgé. Wọ́n rí i bí mo ṣe rí i. Méjèèjì tèmi ti wà ní kíká nínú ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ni wọn yóò wà títí àwọn onílera yóò fi sọ pé ó tó. Mo rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ pé kí wọ́n ká tiwọn náà. A kò lè máa bẹ̀ pé kí wọ́n ṣí wa, ká tún máa gbé èyí tó léwu jù lọ kiri ẹ̀yìnkùlé èèyàn.

Àwọn ọmọ mẹ́rin ló ń bá mi ṣiṣẹ́ kí a tó tì. Méjì ti bọ́ sórí ọ̀kadà. Tí wọ́n bá padà, mo ti pinnu pé ẹni tí ikọ́ bá ń dà láàmú kó jókòó sílé, kí owó ọjọ́ rẹ̀ sì pé. Ẹni tó mọ̀ pé òun kò ní jẹun tí òun kò bá wá yóò wá, yóò sì gbé ikọ́ náà mì. Owó yẹn yóò wúwo fún mi pẹ̀lú ọmọ 30 ní wákàtí kan. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn tó ń gba owó ilẹ̀ àti owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wa pé kí wọ́n gba ìdajì títí ọdún yìí yóò fi parí, kí á má bàa gbé e lé àwọn òbí lórí. Bí owó ẹnu ọ̀nà bá wọ́n, ọmọ olówó nìkan ni yóò rí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i lára.

Mo tún ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n máa sọ fún wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, iye ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àrùn. Iye ti gbogbo ìpínlẹ̀ Ògùn kò sọ nǹkan púpọ̀ fún ẹni tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bóyá Ọ̀tà ni gbogbo rẹ̀ wà, bóyá ẹ̀yìn wáyà mi ni. Kí àwọn onílera fi iye kan lélẹ̀, tí a bá ti kọjá rẹ̀ ní ìlú wa, kí á tì láìsí pé wọ́n ń rán ọlọ́pàá sí wa.

Gómìnà wa, ọmọ Ìpẹru ni. Bóyá lẹ́tà yìí yóò dé ọwọ́ ẹni tó lè gbé e dé iwájú rẹ̀. Kí wọ́n rán ẹnì kan láti ẹ̀ka ìlera wá sí pápá mi kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, kó wá wo táyà, kó wo ríbọ́ọ̀nù, kó wo ìwé orúkọ, kó sọ ohun tó kù. Kí wọ́n jẹ́ kí n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin dán an wò pẹ̀lú ọmọ 30 ní wákàtí kan. Tí ó bá dára, kí wọ́n fún àwọn ará Ṣàgámù àti Ìpẹru náà láyè pẹ̀lú òfin kan náà kí ọdún Kérésìmesì tó dé. Tí kò bá dára, kí wọ́n tì í padà, èmi fúnra mi ni màá fa kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Eléré Ọmọdé,
Ọ̀nà Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú-Òde.
(Orúkọ mi wà lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde.)